Ìlà Tó Dùbúlẹ̀ Nínú Gíláàsì Bàbá Rẹ

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ń ṣe láràárọ̀, kó má baà bọ́ sọnù lórí mi. Bí mo bá ti jí, tí mo ti bọ́jú, màá wọ yàrá bàbá rẹ. Màá fi àkísà gbígbẹ nu àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àwọn mítà tó ní abẹ́rẹ́ títí dé orí èyí ńlá tó ní ojú gíláàsì. Èyí ńlá yẹn ni màá tì bọ iná. Yóò gbóná díẹ̀, òórùn eruku yóò jáde lára rẹ̀, ìlà kan tó ní àwọ̀ ewé yóò wá nà gbọọrọ nínú gíláàsì. Màá fi ìka kan ẹnu wáyà tó fi ń wọn iná. Ìlà náà á dìde, á máa gòkè, á máa sọ̀ bí ìgbì omi. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè. Màá pa á, màá lọ gbálẹ̀.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì, kí ọ̀nà tí ò ń rìn má ṣe bínú sí ọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀. Àwọn yòókù ti mọra wọn tipẹ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, ẹnu mi kì í ṣí, ṣùgbọ́n mò ń wò wọ́n. Tíṣà wa kì í nu pátákó mọ́ tán. Ọ̀rọ̀ àná máa ń wà lábẹ́ tòní.

Fótò ẹ̀rọ tí o ní kí n yà, mo yà á. Mo gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì náà dáadáa, torí mi ò mọ̀ bóyá ojú fóònù ń ríran jìnnà. Ìgbà tí tíṣà wò ó, ó ní ìyá, ojú yín lẹ yà, ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Ó bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. O ní ẹni tó ń ra pàǹtí rí i, ó sì béèrè bóyá arúgbó náà wà lára ọjà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Sọ fún un pé arúgbó ò sí fún títà.

Mo mọ̀ pé ire mi lò ń wá. O ní bàbá rẹ ò sí mọ́, yàrá kún, kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Nígbà ayé ẹ̀ náà, Baba Mítà làwọn ará àdúgbò ń pè é. Wọ́n ní ẹlòmíràn ń kó aṣọ jọ, tiẹ̀, ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ti lò gbó ló ń rà wálé, kò sì fi wọ́n jẹun, ó kàn ń fi wọ́n wọn iná wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ni ìyàwó rẹ̀, àlejò lèmi. Ó ní àlejò wo ló mọ ibi tí iyọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ nípa ọsibítù. Nígbà tí o jáde lọ ra oògùn, irú gíláàsì yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, ìlà rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀. Lójijì ó dùbúlẹ̀. Àyà mi ò já. Tí ti ilé bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ á yí bọ́tìnnì apá ọ̀tún, ìlà á sì dìde. Mo ní kí nọ́ọ̀sì yí i. Àyà bàbá rẹ ló ń tẹ̀ lọ́wọ́. Mo tún sọ, mo ní ọmọ mi, ti apá ọ̀tún ni. Nígbà tó ṣe, ó wá di ọwọ́ mi mú. Bọ́tìnnì náà ni mo ṣì ń wò.

Lánàá, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń tún rédíò ṣe yà kí mi. Ó ní ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ọkàn yín lẹ̀ ń rí láràárọ̀ o, iná tó wà nínú ògiri ilé ni, ara yín ló kàn ń gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án, ìlà á dìde. Mo bi í bóyá ti òkú náà á dìde. Ó wolẹ̀. Ó ní ara ṣáà ni ara. Ọmọ mi, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé ti ilé lọ sí ọsibítù. Ìka rẹ̀ kan péré ni ǹ bá gbé lé ẹnu wáyà, kí n tún rí i kó dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Jọ̀ọ́, mo nílò owó iná, torí wọ́n fẹ́ já wáyà wa, gíláàsì náà ò sì lè sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Má fi í sínú fóònù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. O ò tíì wálé látìgbà tí a ti sin bàbá rẹ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, ìlà tìrẹ ò ní dùbúlẹ̀ lójú mi. Èmi ni, ìyá rẹ.

Ẹni tó ń ra pàǹtí ní òun ń bọ̀ lọ́la. Àwọn mítà, màá jẹ́ kó kó wọn. Mo ti tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ onígíláàsì yìí, màá gbé àga síwájú rẹ̀, màá jókòó, màá sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kò ní kúrò níbí, ó di ọjọ́ tí ọmọ ẹni tó ni ín bá wá fi ìka tirẹ̀ kàn án.