Ọ̀dà Ni Mo Ń Kọ, Ògiri Ló Ń Sán

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì ṣépè fún mi o, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Èmi ni bọ́sà iléèwé àdáni kan ní Okokomaiko, èmi ni mo ń kọ gbogbo ohun tí iléèwé ń ná lọ́dọọdún. Nígbà tí Màdáámù tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, ìwé, ṣọ́ọ̀kì, bẹ́ǹṣì àti owó tíṣà ló ń kún ojú ìwé mi. Ọ̀dà? Garawa kan péré. Ọdún kejì, méjì. Ìgbà tó yá, ṣọ́ọ̀kì ń dín, owó tíṣà ń falẹ̀, ọ̀dà ń pọ̀ sí i... Àwọn òbí ń yìn wá, pé kò sí iléèwé tó mọ́ tó tiwa títí dé Ìyànà Ìbà. Háà! Wọn ò mọ nǹkan tó wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n kọ́ iléèwé yẹn sí, ògiri Praimárì Wáǹ sì ń sán. Birikilà wò ó, ó ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Màdáámù ní owó ò sí, ẹ kàn kun ún. A kun ún. Ọdún tó tẹ̀lé e, a tún kun ún... nígbà tí ọmọ wá pọ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e! Èmi náà ń kọ “ìtọ́jú ilé” sínú ìwé, wẹ́rẹ́, bíi pé kò sí nǹkan. Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Tiwa lanu, aláǹgbá ń wọlé ó ń jáde lójú mi. Péńtà tó ń kun ún ní lọ́dún àkọ́kọ́ èékánná òun ló wọ inú ibi tó sán, lọ́dún yìí odidi ọwọ́ ni.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ilé-iṣẹ́ ti dá ọkọ mi dúró, ọ̀fẹ́ sì ni Màdáámù ń kọ́ ọmọ mi. Praimárì Wáǹ ló wà... ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ló ń jókòó sí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo bá ìyẹ̀pẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀. Mo parọ́ fún tíṣà pé ojú ọmọ mi ò ríran dáadáa, kó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé e. Mo mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni aládùúgbò mi, télọ̀ tó máa ń bá mi tọ́jú ọmọ bí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́, wá ń dúpẹ́. Ó ní ọmọ òun ni wọ́n fi sí àyè ọmọ mi, pé inú ọmọ náà ń dùn, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i látara ògiri. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ti iléèwé pa, kí la fẹ́ jẹ? Bí mi ò bá sọ ńkọ́? Láàárọ̀ yìí Màdáámù tún ní kí n kọ garawa ọ̀dà mẹ́wàá sílẹ̀, òjò sì ti ṣú. Ẹ gbà mí o, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ìjọba ni àbí ìyá ọmọ yẹn? Bó bá bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀... kí ni kí n wí?