Dísíkẹ́ẹ̀tì tí Màmá Sá Sóòrùn

Bàbá Lúkmọ́n, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ìtàn yìí kò ṣe é gbọ́ ní ìdúró.

Òjò ìjẹta jò sórí àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì tí ètò kọ̀ǹpútà wa wà nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní Ìlọrin lánàá, Màmá yín sá wọn sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo. Gbogbo wọn ti lọ́, kọ̀ǹpútà kò kà wọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sán òní ni òǹtẹ̀wé ará Ìbàdàn ń bọ̀ wá gba ètò tí yóò fi máa mọ ìwé tó kù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Ó ní bí òun kò bá bá a, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lòun ń lọ.

Mo ti lọ sí Òjòkú, ọ̀dọ̀ Tíṣà Roseline tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀dà ètò náà kan. Bí àlejò bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún un, ṣùgbọ́n níta ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí Màmá má baà gbọ́.

Màmá bi mí pé, "Wọ́n gbẹ, àbí?"

Mo ní, "Wọ́n gbẹ dáadáa, Màmá, ẹ ṣé."

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wí. Ọkàn Màmá ju ọjà lọ; a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Asiata aránṣọ iwájú ilé ló sọ ìyókù fún mi: láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ni Màmá fi jókòó tì wọ́n, tó ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́.