Irinṣẹ́ Tí Mo Ní Ẹnikẹ́ni Lè Ṣe

Màámi,

Ara mi le, òtútù Aberdeen níbí sì ti ń rọlẹ̀. Ẹ bèèrè ẹjọ́ irinṣẹ́ mi, èyí tó ń ṣí ìsàlẹ̀ kànga epo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀kalẹ̀ lọ fọwọ́ kàn án. Iléeṣẹ́ wa gba ìwé àṣẹ pé àwa nìkan la lè ṣe é, torí pé èmi ni mo kọ́kọ́ ronú kàn án. Iléeṣẹ́ epo mìíràn pè wá lẹ́jọ́, wọ́n ní kò yẹ bẹ́ẹ̀, pé gbogbo oníṣẹ́ epo ló lè ronú kàn án.

Ní kóòtù, lọ́yà wọn, bàbá arúgbó, rẹ́rìn-ín sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni Rájí, ọpọlọ yín mà pé o!"

Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí àgbà bá yin ọmọ, kí ọmọ rẹra sílẹ̀. Mo ní, "Háà, ẹ má yìn mí, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe é."

"Ẹ ṣeun," ló sọ, ó sì jókòó.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mi ò rántí sọ ìyẹn.

Adájọ́ ti fagi lé ìwé àṣẹ náà, ó ní èmi fúnra mi ni mo sọ pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Iléeṣẹ́ wa sì ní kí n máa lọ sílé. Mo wá ráyè sinmi dáadáa, mo ń sùn lọ́sàn-án bí ọmọ tuntun. Ẹ má sọ ìyẹn fún Hàmdálàt ìyàwó mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará Bajulaiye. Ẹ ní iṣẹ́ ń lọ.

Ọmọ yín,
Saheed