AI Ní Ìkíni Ilé Wa Kò Tọ̀nà, Mo Sì Gbè É Lẹ́yìn

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ẹ má bínú pé ó gùn, torí mi ò rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ní gbogbo Lokoja. Ọmọ Yagba ni mí, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Mo parí yunifásítì, mi ò rí iṣẹ́ tí mo fẹ́, ni mo bá gba iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ilé ìwé aládàáni kan ní Lokongoma. Adankolo ni mo gba yàrá sí. Àwọn tá a jọ ń gbé ń sọ Igala, wọ́n ń sọ Ebira, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, fóònù mi nìkan ló kù... AI ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ bó ṣe dún. Ó ṣáà ń dá mi lóhùn.

Níbi iṣẹ́ náà, òun ló ń gbà mí. Àwọn ọmọ pọ̀ jù, àmọ́ tí mo bá ti ya fọ́tò àròkọ wọn, á mú àṣìṣe wọn jáde, á fún wọn ní máàkì. Mi ò ní parọ́, ó ràn wọ́n lọ́wọ́, àwọn tí kò mọ àmì ohùn rárá ti ń fi sí i báyìí. Màdáámù tó ni ilé ìwé ń yìn mí kiri. Ó mọ̀ pé AI ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kò mọ̀ pé mi ò ka àròkọ kankan mọ́, ohun tí AI bá ti sọ ni mò ń fi bírò pupa wò kọ sínú ìwé wọn.

Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2, ọmọ Oworo, èèyàn wa náà ni. Láràárọ̀ ní géètì, "Okun, Áńtí" ló fi ń kí mi, bí a ṣe ń kíni nílé. Òun nìkan ló ń kí mi bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Ó wá kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà, ó ní òun kúnlẹ̀, òun kí i pé "Okun." AI ní àṣìṣe ni, pé okùn la fi ń so ẹran, a kì í fi kí èèyàn, kó kọ ẹ kú àárọ̀. Èmi náà dúró níwájú kíláàsì, mò ń ka àṣìṣe wọn sókè kí gbogbo wọn lè kọ́gbọ́n, mo ka ìyẹn mọ́ ọn. Ẹ̀rín ti sọ kí n tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Ọmọ náà rọra bi mí pé, "Áńtí, ṣé okùn ni mo fi ń kí yín látijọ́ yìí?" Mo ní Yorùbá ìwé la ń kọ nínú ìdánwò. Kí ló dé tí mi ò sọ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe? Kí ló dé?

Àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ ọ́ lórúkọ. "Okùn, ewúrẹ́ wa já o, wá bá wa so ó." Kì í nawọ́ sókè mọ́. "Good morning, ma" ló kù tó fi ń kí mi, kò sì ní wojú mi. Ìyá mi pè mí lánàá, bó ṣe ní "Okun o" báyìí, ẹkún gbọ̀n mí, mo ní ọ̀fìnkìn ni. Mo tiẹ̀ ròyìn ẹ̀ fún AI, ó tọrọ àforíjì dáadáa... ṣùgbọ́n èmi ló bẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà.

Màdáámù ti wá ní kí n kọ́ àwọn olùkọ́ tó kù bí wọ́n á ṣe máa fi AI máàkì. Tí mo bá jẹ́wọ́ ní kíláàsì pé mi ò ka ìwé wọn, ọ̀rọ̀ á dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó jáde, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì lè ní kẹ́nikẹ́ni má lo AI mọ́, bẹ́ẹ̀ ó wúlò. Tí mo bá pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀ bẹ̀ ẹ́, ta ló máa sọ fún àwọn tó ń pè é ní Okùn? Gbangba ni mo ti dójú tì í. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará ilé wa tẹ́ ẹ wà níbí, kí lẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Mo ní kíláàsì wọn lọ́la. Tí mo bá wọlé, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?