Mo Mọ Ohun Tó Pa Ẹṣin Onílé Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé ìmọ̀ràn inú ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín o. Èmi ni mo ṣe é, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ìyà rẹ̀ jẹ. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí pé tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ máa ṣàlàyé, mà á tún fa ìwé yìí ya bí mo ṣe fa mẹ́ta ya ṣáájú rẹ̀. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi. Ọwọ́ mi ò balẹ̀, mò ń kọ, mò ń dìde, mò ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo tún ń padà wá jókòó...

Olùkọ́ ni mí. Apá Kétu ni wọ́n ti bí mi, ìjọba ló gbé mi wá sí Ṣábẹ níbí ní ọdún kejì tí a gba òmìnira, mi ò sì mọ ẹnì kankan. Ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ wà nítòsí ìdí rélùwéè ló fún mi ní yàrá, ó ní olùkọ́ ọmọ òun kì í ṣe ayálégbé. Òun ni mò ń pè ní Onílé mi. Ìyàwó méjì ló ní. Èyí tó kéré jẹ́ ọmọ Kábúà, òun ló ń gbé oúnjẹ fún mi lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi. Mẹ́tìrì ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ níbí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní kíláàsì mi. Onílé mi tún ní ẹṣin kan, Má-dúró lorúkọ rẹ̀.

Láti ìgbà òmìnira ni wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré níbí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé. Àwọn ẹlẹ́ṣin ń wá láti Bẹ̀sẹ́, láti Kábúà, àwọn Bàrìbá náà ń sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ òkè òkúta ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin títí dé ọgbà kajú. Àwọn èèyàn á máa fi iṣu ta tẹ́tẹ́, wọ́n á fi ewúrẹ́ ta, wọ́n á fi ẹtù ta. Èmi kà á sí eré ọmọdé, títí mo fi ṣàkíyèsí bàbá arúgbó kan tó máa ń dá jókòó, tí kì í pariwo, tí ojú rẹ̀ kì í sì í sí lára ẹṣin tó wà níwájú. Gbogbo wa á máa wo ọ̀tún, bàbá yìí á máa wo òsì. Bàbá Dákà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ṣábẹ ni, àmọ́ ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ẹṣin eré fún àwọn òyìnbó ní ìlú Dákà. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní tí mo bá ní aago, kí n mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Aago wà ní ilé ìwé wa, èyí tí a fi ń ka eré àwọn ọmọ, tí èèyàn á tẹ̀ lórí tí á bẹ̀rẹ̀, tí á tún tẹ̀ tí á dúró. Mo mú un lọ. Mi ò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni... ẹ fi ìyẹn kún ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ohun tí bàbá yìí kọ́ mi rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn. Ó ní kéèyàn máa bi pé ẹṣin wo ló yára jù, ìbéèrè òpè ni. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tó gbé wá, bí omi inú kèrègbè ẹni tó ń lọ oko. Ẹni tó bá mu ún tán kó tó dé ìdajì ọ̀nà, òùngbẹ ni yóò fi parí ìrìn. Nítorí náà, kí n má ṣe ka ìparí eré nìkan, kí n ka bó ṣe ń ná agbára rẹ̀. Ó ti fi ẹfun kun òkúta méjì lẹ́bàá ọ̀nà tó fi pín eré náà sí mẹ́ta. A ó ka àkókò ẹṣin kọ̀ọ̀kan dé òkúta àkọ́kọ́, láti ibẹ̀ dé ìkejì, láti ìkejì dé ọgbà kajú. Mo ra ìwé kan, mo fa ìlà sí i, mò ń kọ ọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò jẹ́ kí n ta tẹ́tẹ́ kankan, ó ní kí n ṣá máa kọ. Nígbà tó yá, ojú mi là. Mo rí i pé ẹṣin kan wà tí kò lè gbà kí òmíràn wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà tó ń fara balẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn tí á wá jẹ ọ̀nà nígbà tí àwọn tó kù bá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá ní ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju kí n ka iye àwọn tó fẹ́ iwájú kí wọ́n tó gbéra. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu, á fi ìrọ̀rùn sáré, á sì borí. Tó bá jẹ́ méjì, wọ́n á pa ara wọn, kí n wá ẹni tó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wọ̀ mí lára. Àwọn ọmọ á máa kàwé ní kíláàsì, èmi á máa ka ìṣísẹ̀ ẹṣin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àlùfáà bá ń wàásù, ìka mi á máa tẹ aago tí kò sí lọ́wọ́ mi. Mò ń sọ ẹni tó máa borí, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà, àmọ́ ó tó láti gùn mí. Mo fi tẹ́tẹ́ jẹ ẹtù mélòó kan, mo jẹ àgbò kan. Kì í ṣe ẹran ló dùn mọ́ mi nínú. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé mo mọ ohun tí ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń pariwo kò mọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bí ó ṣe ń rí?

Má-dúró Onílé mi kò tíì pàdánù rí. Gbogbo ìlú ní oògùn wà nídìí rẹ̀. Èmi nìkan pẹ̀lú Bàbá Dákà la mọ̀ pé kò sí oògùn kankan. Òun nìkan ló máa ń fẹ́ iwájú, àwọn tó kù ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un, ìdí abájọ nìyẹn. Inú ìwé mi ló wà. Mò ń wò ó lójoojúmọ́, mò ń bi ara mi pé tí ẹnì kan bá wá bá a rìn ní èjìká ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni ohun tí Bàbá kọ́ mi, àbí ọ̀rọ̀ arúgbó lásán? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí n jókòó. Mo bi Bàbá, ó ní, "Ojú ni kí o máa fi wò ó. Má fi ẹnu sí i."

Mo fi ẹnu sí i. Ọkùnrin kan wà ní Bẹ̀sẹ́ tó ní ẹṣin méjì, èyí àgbà máa ń ṣe ipò kejì. A jọ pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ṣódàbì, mo mu ife méjì, ó ń ráhùn pé kò sí ẹni tó lè bá oògùn Onílé mi jà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó mú ẹṣin rẹ̀ kékeré èyí tó yára wá pẹ̀lú èyí àgbà, kó má rò ó pé yóò dé òpin, kó ṣá ti bá Má-dúró rìn ní èjìká dé òkúta kejì, kí èyí àgbà wà lẹ́yìn. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ta tẹ́tẹ́ kankan lé e lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, mi ò lè sọ pé ebi ló sún mi sí i... mo kàn fẹ́ rí i ni.

Mo sì rí i. Àbúrò Onílé mi ló gun Má-dúró. Wọ́n gbéra, ẹṣin kékeré Bẹ̀sẹ́ bá a lọ ní èjìká, Má-dúró tí kò rí irú ẹ̀ rí ya wèrè. Ní òkúta àkọ́kọ́ mo wo aago, kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Inú mi dùn. Ní òkúta kejì ẹṣin kékeré ti tán, ó ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àmọ́ Má-dúró kò mọ̀, ó ṣì ń sá fún un. Kó tó dé ọgbà kajú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ra, ó ṣubú, ó wó lé ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún. Ẹṣin àgbà Bẹ̀sẹ́ kọjá lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo ayé figbe ta. Ẹ gbọ́ mi o, ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rèé: mo tẹ aago dúró, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ké.

Má-dúró ò dìde mọ́. Àbúrò Onílé mi ń rìn lónìí, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú.

Ní ọjọ́ kejì, Onílé mi pe àwọn àgbà àdúgbò jọ sí àgbàlá. Ìyàwó rẹ̀ ọmọ Kábúà ló fún ẹṣin ní ọkà àti omi láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni òun àti ọkọ rẹ̀ jà, ó ní ẹṣin ń jẹ ọkà ju àwọn ọmọ lọ, pé lọ́jọ́ kan ẹṣin yìí á kó gbogbo ilé jẹ. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ó fi nǹkan sínú omi. Obìnrin yìí kúnlẹ̀, ó ní òun ò ṣe é, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbà kan wá kọjú sí mi, ó ní, "Mẹ́tìrì, ìwọ tó kàwé, o wà níbẹ̀, kí lo rí?" Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹṣin.

Ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ ní Kábúà. Ọmọ rẹ̀ kò bá a lọ, wọ́n ní ọmọ bàbá ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin Bẹ̀sẹ́ fi iṣu mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi. Mo jẹ ẹ́. Mo lọ bá Bàbá Dákà, ó gba ìwé mi, kò mọ̀wé àmọ́ ó mọ nọ́ńbà, ó fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn títí, ó dá a padà fún mi. Ó ní òun kọ́ mi láti wò, òun ò kọ́ mi láti darí. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i, á dáhùn bí ẹni tó ń dá àlejò lóhùn.

Kí wá ni mò ń wá lọ́dọ̀ yín? Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Onílé mi wọlé tọ̀ mí wá, ó ní kí n bá òun kọ ìwé sí àwọn ará Kábúà, pé kí wọ́n má dá ọmọ wọn padà mọ́ láé, pé apani ni. Èmi ló ní kí n kọ ọ́ o! Èmi! Mo ní yíǹkì mi ti tán. Ní ọjọ́ Sátidé mo yá kẹ̀kẹ́, mo gùn ún lọ sí Kábúà. Mo bá obìnrin náà níbi tó ti ń bẹ iṣu fún èlùbọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé á sunkún, tàbí á bú mi. Ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo sọ tán, mo ní mà á lọ yọ́ ọ sọ fún Onílé mi, àwa méjì péré, kó lè rọra ránṣẹ́ pè é padà. Ìgbà yẹn ló gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní:

"Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti pè mí ní apani, ìwọ náà sì wà níbẹ̀. Ojú wọn ni kí o ti sọ ọ́. Tó bá jẹ́ etí ọkọ mi nìkan lo fẹ́ sọ ọ́ sí, má wulẹ̀ sọ ọ́."

"O" ló fi bá mi sọ̀rọ̀, kì í ṣe "ẹ" mọ́. Mo bi í bóyá á padà sílé tí mo bá ṣe bó ṣe wí. Ó ní ìyẹn kò kàn mí, pé ọmọ òun ni òun ń fẹ́. Ó tún mú ọ̀bẹ.

Mo ti padà dé, mi ò sì lè jókòó. Tí mo bá sọ ọ́ lójú àwọn àgbà, ọ̀gá ilé ìwé á gbọ́ nípa aago, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyá mi ní Kétu ò ní ẹlòmíràn. Ọkùnrin Bẹ̀sẹ́ ti ránṣẹ́ pé tí mo bá dárúkọ òun, òun á ní irọ́ ni mò ń pa. Àbúrò Onílé mi tó ń tiro, kí ló máa fi mí ṣe? Onílé mi tó gbà mí bí ọmọ, ojú wo ni mà á fi wò ó? Tí mo bá sì dákẹ́, ta ló máa sọ ọ́? Ṣé kí n ní kí ìjọba gbé mi lọ síbòmíràn, kí n kọ òtítọ́ sílẹ̀, kí n wọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó kà á? Ṣé ìyẹn náà ni ìjẹ́wọ́? Àwọn kan nínú yín á ní ẹṣin lásán ni, ẹṣin ń kú. Ṣé lóòótọ́, ẹṣin lásán ni?

Lánàá, Onílé mi fúnra rẹ̀ ra ìgò yíǹkì wá fún mi. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ yòókù ti jáde lọ ṣeré, ọmọbìnrin rẹ̀ dúró ti tábìlì mi, ó ní, "Mẹ́tìrì, wọ́n ní ẹ mọ gbogbo nǹkan. Ṣé ìyá mi ló pa ẹṣin?" Mo ní kó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Kò lọ. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀, ó ká ọwọ́ lé orí tábìlì, ó ń dúró de èsì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀la a ó tún pàdé ní kíláàsì. Kí ni kí n sọ fún un?