Mẹ́wàá Tí Kò Ní Orúkọ Bàbá

Ẹ̀yìn Ọjà Adewui,
Lọmé.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Àlíyù, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn tó gbà ọ́ sílé ní Ìlọrin. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ibi tí o wà, nítorí ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe gba ẹni tí ara rẹ̀ le. Èmi ò tíì kú. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń wọlé. Ṣadé àbúrò rẹ ló ń kọ lẹ́tà yìí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ṣúgà sí i.

Àrìnkẹ́ tó ń lọ àgbàdo lẹ́bàá ilé wa ti kúrò ní ọsibítù. Ìka mẹ́rin ló bá ẹ̀rọ lọ ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. O ti sá kí o tó mọ iye rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún ọ. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ojú sì ń tì í. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá a so ìró. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ní, “Ìyá, ẹ̀rọ yìí ìbá wà ní jẹ́ẹ́ rẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n tún un ṣe.” Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Wọ́n mú Ìbítóyè, ọ̀gá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù Jonas ní Agbalépédogan. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n wá tú u sílẹ̀ kó máa ti ilé wá jẹ́jọ́, wọ́n sì gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé òun ní kí o yọ mẹ́wàá lára ṣáàfù, ọ̀pá irin tí púlì ẹ̀rọ Àrìnkẹ́, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, máa jókòó lé. Ọlọ́pàá bi í ní Faransé pé, “Dix quoi?” Mẹ́wàá kí ni? Láti ìgbà tí ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹnìkan nínú yín tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ó ṣe yé mi nìyí, kí o má bàa sọ pé mo ń wí ohun tí mi ò mọ̀. Ìbítóyè kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, mìlímítà ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n pín mìlímítà kan sí ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá inú rẹ̀ ló ń wí. Ìwọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn lórí ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, íńṣì ni wọ́n pín sí ẹgbẹ̀rún níbẹ̀. Mẹ́wàá tìrẹ tó mẹ́wàá tiẹ̀ lọ́nà méjì àti ààbọ̀. Ohun tí o fi fá irin náà jù kò ju irun orí méjì lọ. Yorùbá lẹ jọ ń sọ, ẹ wá rò pé ìwọ̀n kan náà lẹ jọ ń lò. Ká ní Mínà, èdè àwọn ará ibí, ló fi bá ọ sọ̀rọ̀ ni, ò bá ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọmé, tí wọ́n bá ní ìwọ̀n ẹ̀wà kan, mo máa ń ní kí wọ́n gbé abọ́ náà wá kí n rí i. Mẹ́wàá tí kò ní orúkọ bàbá, ọmọ àlè ni.

Ìbítóyè tún ní irinṣẹ́ tó yẹ wà nínú àpótí: ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń yí bí ìdérí ìgò, tí wọ́n ń pè ní pámẹ̀. Ó ní kálípà, ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fi ń há irin, dára fún iṣẹ́ tó gba àforíjì, ṣùgbọ́n níbi tí irin méjì bá ti gbọ́dọ̀ fún mọ́ra, pámẹ̀ ni. Wọ́n á nù ún, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ dé kí wọ́n rí i pé òdo ló ń kà, wọ́n á sì dúró kí irin tutù, nítorí irin gbígbóná máa ń wú. Gbogbo èyí lo mọ̀. O fi pámẹ̀ sílẹ̀ nítorí mìlímítà ló ń kà, o mú kálípà tí o gbé ti Ìbàdàn wá, èyí tí ojú rẹ mọ́.

Títí débẹ̀, mo lè gbèjà rẹ. Àṣìṣe ẹni méjì ni. Ṣùgbọ́n Ìbítóyè mú mi lọ sí abẹ́ páànù Àrìnkẹ́, níbi tí ẹ̀rọ náà ṣì wà. Ó ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kan ṣáàfù yìí.” Mo fọwọ́ kàn án. Ibi tí púlì jókòó sí rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Ó ní pọ́ńṣì, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ló ṣe é. Ó ní bí ènìyàn bá fá irin jù, tó sì mọ̀, á fi pọ́ńṣì àti òòlù lu ojú rẹ̀ káàkiri kí ara irin lè wú, kí púlì lè dúró fún ìgbà díẹ̀. Púlì tó bá ṣáàfù mu, òòlù ni wọ́n fi ń gbá a wọlé. Tìrẹ fi ọwọ́ lásán wọlé, o sì rí i. Ó dúró títí di ọjọ́ ọjà. Ìgbà náà ló já, tí bẹ́líìtì wé mọ́ ọwọ́ Àrìnkẹ́.

Ìbítóyè kò tíì sọ ọ̀rọ̀ pọ́ńṣì fún ọlọ́pàá. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ yín ni, Ìyá. Mo fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.” Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ó sì ń dúró dè ọ́ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ti lọ.

Mo gbọ́ pé o ti rí iṣẹ́ irin mìíràn ní Ìlọrin. Má fọwọ́ kan irin ẹnikẹ́ni títí o ó fi dé ibí. Wá kí Iléyá tó dé, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni adájọ́ yóò pe Ìbítóyè. Ẹ jọ lọ. Kí ó sọ mẹ́wàá tiẹ̀, kí o sọ mẹ́wàá tìrẹ, kí o sì sọ ti pọ́ńṣì. Wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé. N óò máa gbé oúnjẹ wá fún ọ. Bí o kò bá wá, èmi fúnra mi yóò lọ sọ ohun tí ọwọ́ mi kàn. Ṣadé ń sunkún, ó ní kí n yọ gbolóhùn yẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú títì. Kí ó má jẹ́ kí ẹnu rẹ wúwo níbi tó ti yẹ kó là. Kí ó dẹ ìrora Àrìnkẹ́, kí ó sì jẹ́ kí o bá mi láyé.

Èmi ni ìyá bàbá rẹ, tó tọ́ ọ,
Wúlẹ̀mọ̀tù.
Mo ti tẹ àtàǹpàkò mi sísàlẹ̀ yìí.

Àfikún: Ṣadé béèrè bóyá kí òun kọ iye ìka tó kù fún Àrìnkẹ́. Mẹ́fà ni. Mẹ́fà yìí kò ní ti Ìbàdàn lọ́tọ̀, kò sì ní ti Àjàṣẹ́ lọ́tọ̀. Bí a ṣe ń kà á níbí náà ni wọ́n ń kà á níbi tí o sá sí.