Àwọn Tó Yà, Tí Wọn Ò Jókòó

Ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni o, báwo niṣẹ́, báwo ni yàrá tí òjò ń jò sí yẹn? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, torí inú ayọ̀ ni mo wà tí mò ń kọ ọ́. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san, ó ti ń fi rìn lọ síbi tí mi ò rán an.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, tí o ní wẹ́bùsáìtì tí o ṣe fún ọ̀gá rẹ láti máa fi ta bàtà ti já sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ awárí, pé báwọn èèyàn bá ti ń wọlé ni wọ́n ń jáde, àti pé bí kò bá padà síwájú kí oṣù tó parí, ọ̀gá á ní kí o máa lọ sílé, mo kàn ní ó máa dáa, mo sì yára gbé fóònù sílẹ̀. Èmi ni mo fà á. Ó kéré tán, bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Ọjọ́ tí o fi àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì náà ránṣẹ́ ni mo ti sọ fáwọn oníbàárà mi, àtàwọn ẹbí, àti káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, pé kí wọ́n yà kí ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún wọn pé iṣẹ́ lọmọ mi ń ṣe o, ẹ má lọ fìdí kalẹ̀ sí i lọ́rùn, bí ẹ bá ti yọjú kí ẹ padà. Wọ́n sì gbọ́ràn. Káfíńtà ní ilẹ̀kùn yín ń pẹ́ kó tó ṣí, pé òun kí ọ láti ìta, òun sì bá tòun lọ.

Lẹ́yìn ìpè rẹ, mo ń bá ara mi wí. Èmi tí mo ka girama, mo wá lọ fẹnu ara mi lé ọmọ mi kúrò níbi iṣẹ́. O ní ẹ̀rọ awárí ló ń júwe yín fáwọn èèyàn, pé bí wọ́n bá sáré padà wá bá a, á bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ẹlòmíì. Ìyẹn yé mi, torí ìyá oníbátìrì tó wà ní oríta wa kúkú nìyẹn. Òun ló máa ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún àlejò. Nígbà tí ìṣó yọrí lára bẹ́ńṣì mi, tó ya aṣọ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lonítọ̀hún padà sí tó ń ráhùn. Ló bá ń júwe aránṣọ òdìkejì. Mo bínú sí i títí, mo ní ó kórìíra mi. Àṣé ìṣó ni.

Ni mo bá pàṣẹ tuntun, pé ẹni yòówù tó bá wọlé kó jókòó dáadáa, kó wo bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ìyàwó fọ́mọ rẹ̀. Bàbá rẹ ṣí wẹ́bùsáìtì náà lórí fóònù, ó gbé e sórí tábìlì, ó sùn tì í. Mo jí i, mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣàlejò nìyẹn. Ó ní àlejò tó bá lè sùn ló gbádùn ilé.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ṣe dé láàárọ̀ àná nìyẹn, pé ẹ ti padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ awárí, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ dúró. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín aṣọ aláṣọ. Nígbà tí mo pè láti jẹ́wọ́, o rẹ́rìn-ín títí, o ní àwa ìwọ̀nba èèyàn yìí ò lè tì í ṣubú, a ò sì lè gbé e dìde, pé àwọn àwòrán tó wúwo lo mú fúyẹ́, o gbé iye owó síbi tí ojú ń bọ́ sí, o sì yọ pátákó ìpolówó tó máa ń fò bo àlejò lójú. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Ó kàn dùn mí díẹ̀ pé oorun bàbá rẹ ò wúlò. Àmọ́ ìṣó náà ṣáà ni, àbí? Ìṣó lo yọ.

Jọ̀ọ́, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, ká lè máa yà. Fi ti bẹ́ńṣì tuntun kún un, káfíńtà ò gba àwìn. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn tí yóò ṣe ọ́ lóore mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ, wọn á wọlé, wọn á sì jókòó.

Ìwọ náà, tí o bá tún wálé, má ṣe bíi ti ìgbà tó kọjá, tí ọkọ̀ tó gbé ọ wá ò tíì pa iná tí o ti ń wọ̀ ọ́ padà. Bí ìṣó kan bá wà nílé yìí tó ń lé ọ, sọ fún mi kí n yọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ.